Ta ni ó fa ọ̀wọ́n ọjà? Ìdáhùn àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù àtijọ́

Ní àwọn ọdún tí mo fi ń kọ ìròyìn ọjà fún ìwé ìròyìn, ìbéèrè kan ni olóòtú máa ń bi wá nígbàkúùgbà tí gàrí tàbí ìrẹsì bá gbówó lórí: ta ni ó fà á? Orúkọ ni ó ń fẹ́, kì í ṣe àlàyé. Àwọn ìyálọ́jà ni a sì máa ń dárúkọ jù, nítorí pé àwọn ni ó sún mọ́ wa. Nígbà tí mo wá ka bí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ṣe yẹ ìbéèrè yìí wò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, ojú tì mí díẹ̀.

Nígbà ayé Ànábì Muhammad ní Mẹ́dínà, ọjà wọ́n, àwọn ènìyàn sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó díye lé e. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ Ọlọ́hun ni iye ọjà wà, òun kò sì fẹ́ pàdé Rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé òun rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀pọ̀ amòfin ẹ̀sìn gba ọ̀rọ̀ yìí sí pé ìjọba kò gbọdọ̀ díye lé ọjà rárá.

Ibn Taymiyya, onímọ̀ ìlú Dàmásíkù tí ó kú ní ọdún 1328, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó mú ọjà wọ́n. Ọ̀wọ́n lè wá láìsí ìwà ìrẹ́jẹ kankan: ohun tí a ń kó wọ̀lú lè dín kù, tàbí kí àwọn tí ó ń fẹ́ ẹ pọ̀ sí i. Bí ó bá rí báyìí, ìrẹ́jẹ ni kí a fi ipá mú ọlọ́jà tà ní iye kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kó oúnjẹ pamọ́ nígbà tí ebi ń pa ará ìlú, tàbí tí àwọn kan ṣoṣo bá ní àṣẹ láti ta ọkà, ó tọ́ kí ìjọba mú wọn tà á ní iye tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ microeconomics ń fi ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn yà lónìí kò jìnnà sí èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 1776 ni Adam Smith tó gbé ìwé tirẹ̀ jáde. N kò sọ pé Ibn Taymiyya ni ó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀ o. Ìdájọ́ ẹ̀sìn ni ó ń wá, kò ya àwòrán kankan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dé bá nínú ilé ni al-Maqrizi ti ìlú Káírò. Ó ti ṣe muhtasib rí, èyíinì ni alábòójútó ọjà tí ó ní àṣẹ láti fìyà jẹ ọlọ́jà tí ó bá ṣe màgòmágó. Láti nǹkan bí ọdún 1403, odò Náílì kò kún tó bí ó ti yẹ, ìyàn mú ní Íjíbítì, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kú.

Ní 1405, ó kọ ìwé kan lórí ìyàn náà. Àìkún odò kò tó o láti fi ṣe àlàyé. Ó kọ ọ́ pé àwọn tí ó ń fi rìbá gba ipò ní ààfin ni ó ń gba owó wọn padà lára ará oko, pé owó ilẹ̀ ti ga ju agbára àgbẹ̀ lọ, àti pé owó bàbà tí ìjọba ń rọ ti kún ìgboro. Nígbà tí ó fi wúrà àti fàdákà díwọ̀n ọjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Owó bàbà ni kò níye lórí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó pín ará ìlú sí ọ̀nà méje, ó sì béèrè bí nǹkan ṣe rí fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ọlọ́jà rò pé òun ń jèrè nítorí pé owó bàbà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, kò mọ̀ pé ohun tí owó náà lè rà ti dín kù. Owó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lé sí i gan-an, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú ni. Àwọn onímọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gba iye kan náà lóṣooṣù wà láàárín àwọn tí ìyà náà jẹ jù.