Irin Gìgísẹ̀ Bàtà Tí A Bá Nínú Ilẹ̀

Nígbà tí a bá ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, ọkọ́ lè hú irin kékeré kan jáde. Ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó sì ní ihò mélòó kan. Ẹnì kan á ní bàtà ẹṣin ni. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀wọ̀n ẹrú ni. Ẹni kẹta á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ni irin náà gan-an?

Ó lè jẹ́ irin gìgísẹ̀ bàtà. Awọ ni gìgísẹ̀ bàtà láyé àtijọ́, awọ sì máa ń tètè jẹ. Nítorí náà ni àwọn aránbàtà ṣe ń kan irin mọ́ ọn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú ilẹ̀ máa ń rí i. Òmíràn ní ọ̀ṣọ́: idẹ ni wọ́n fi ṣe é, tàbí wọ́n gé àwòrán ọkàn sí i láàárín.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Kì í sábà fẹ̀ ju sàǹtímítà 7 lọ. Bàtà ẹṣin tóbi jù ú lọ, ó sì nípọn.

Ẹ mú òòfà inú rédíò tó ti bàjẹ́ sún mọ́ ọn. Irin á lẹ̀ mọ́ òòfà. Idẹ kò ní lẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe jẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, nítorí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń tẹlẹ̀.

Ta ló wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ níbí? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé kúrò ní Àjàṣẹ́ láti lọ bá Béhanzin, ọba Dànhọmẹ̀, jà. Dodds ni ọ̀gá wọn. Toffa, ọba Àjàṣẹ́, wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n gba ẹ̀bá odò Wémè lọ. Wọ́n jà ní Dogba ní 19 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì wọ Agbómè ní 17 oṣù kọkànlá. Bàtà ọmọ ogun Faransé ìgbà náà máa ń ní ìṣó lábẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà náà wọ bàtà. Wọ́n ti kó àwọn baba wọn lẹ́rú lọ sí Brazil, Nàgó sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni ẹrú ń rìn. Ẹni tó bá gba òmìnira á wá bàtà, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹrú mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn padà wá sí etíkun wa, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1835 ní Bahia.

Ẹ wò ó: irin kan lè jẹ́ ti ẹni tó wá gba ilẹ̀ wa. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó gba ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Irin nìkan kò lè sọ èwo ni. Ibi tí a ti rí i àti ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló lè sọ. Bí a bá tà á láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, ìtàn rẹ̀ ti sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ má fi yanrìn ha á. Ẹ wé e sínú bébà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí irú èyí sí i lára:

"Irin kékeré, ihò 3. Lẹ́bàá kànga ilé wa. Ó jìn dé orúnkún. Ìgò tó fọ́ wà pẹ̀lú rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ẹ lè mú un lọ bi àwọn tó mọ̀ nípa ohun àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ohun àjogúnbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998 wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ìwé kékeré yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.