Nígbà Tí Ọkọ̀ Òfurufú Ń Balẹ̀ Sórí Ọ̀sà Èkó

Ó ti pẹ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun fẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ ní ìhà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 2023, Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Summa ti ilẹ̀ Tọ́kì. Kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú tàbí kí a yìn ín, ó yẹ kí a rántí pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí ibùdó ọkọ̀ òfurufú nítòsí ilé wọn rí. Orí omi ni.

Erékùṣù Èkó kò ní ilẹ̀ gbalasa tí bàálù lè sá lé. Pápá ìdíje ẹṣin, tí a sọ di Tafawa Balewa Square, nìkan ló fẹjú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sà wà. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣubú ní ọdún 1940, tí Ítálì sì wọ ogun, ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ sí Íjíbítì dí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú orí omi kan tí wọ́n ń pè ní Clyde gbéra láti Poole, ó gba Lisbon, Bathurst àti Freetown wá sí Èkó. Àwọn ọ̀gágun Faransé tí wọ́n wà lẹ́yìn de Gaulle wà nínú rẹ̀. Láti Èkó, àwọn èrò lè wọ bàálù orí ilẹ̀ lọ sí Khartoum àti Cairo. Nígbà tó di ọdún 1943, ẹgbẹ́ 270 ti àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì fi Àpápá ṣe ibùdó, wọ́n ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì kiri lójú òkun.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ọ̀dà, àmọ́ ó nílò omi tó mọ́. Ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú omi wò, kí igi tó léfòó tàbí ọkọ̀ apẹja má baà wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Èkó yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn! Lẹ́yìn ogun, Ìkẹjà gba gbogbo iṣẹ́ náà.

Àpápá yìí kan náà ló ti bí ẹjọ́ ńlá kan ṣáájú. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun. Ìjọba ní olóyè náà kàn ń ṣàkóso ilẹ̀ ni, pé kì í ṣe onílẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Privy Council dá wọn láre: ti àwọn ará ìlú ni ilẹ̀ náà, kí a sì san owó rẹ̀ bí ẹni ń sanwó fún onílẹ̀ gan-an. £22,500 ni ìjọba san.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti yí ìyẹn padà. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, iye ilé àti irè oko orí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san; ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún náà lọ. Àgbẹ̀ tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní ìhà Ẹ̀pẹ́ lónìí kò ní ohun tí Olúwa gbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1921.