Àwọn Kóòṣì Tí A Lé Kí Wọ́n Tó Parí Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọléèwé wa àtijọ́, láti Pápá Àjàó sí pápá ìṣeré Sùúrùlérè ò jìnnà. Ibẹ̀ la ti gba Ife Áfíríkà lábẹ́ Otto Gloria ní 1980. Westerhof lo ọdún márùn-ún, 1989 sí 1994: ó gba ife kejì, ó sì mú wa dé Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Shaibu Amodu ńkọ́? Òun ló gbé wa wọ Ife Àgbáyé 2002. Ó ṣe ipò kẹta ní Mali, wọ́n yọ ọ́. Oṣù díẹ̀ péré ni Ònígbìndé rí lò. Póìǹtì kan la mú bọ̀. Ní 2010, Amodu náà ló tún gbé wa wọlé. Ó ṣe ipò kẹta ní Àǹgólà, wọ́n tún yọ ọ́. Lagerbäck dé, póìǹtì kan náà ni!

Ẹ rántí o, bí ẹ bá ń yan kóòṣì fún àwọn ọmọ iléèwé wa. Orúkọ àdúgbò yẹn ti wí i: sùúrù lérè.