Bí wọ́n ṣe ń tún giramofóònù àtijọ́ ṣe nílé láìba àwo orin jẹ́

Nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, rédíògíráàmù jẹ́ ọ̀kan lára ohun èlò tó ń buyì kún pálọ̀. Àpótí onígi ńlá ni; rédíò ń bẹ nínú rẹ̀, giramofóònù sì ń bẹ lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń gbọ́ àwo Haruna Ishola, Yusuf Olatunji àti I.K. Dairo. Eruku ti bo ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá báyìí, àwọn ọmọ onílé sì gbà pé ó ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì kú. Gíríìsì ló dì, tàbí rọ́bà ló gbó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe, àwo tí abẹ́rẹ́ burúkú bá ti ha kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Nínú àwọn rédíògíráàmù onífáàfù, iná tó lè pa ènìyàn lè ṣì fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ okùn tán. Iṣẹ́ atúnrédíòṣe nìyẹn. Giramofóònù tó wà lókè ni onílé lè fúnra rẹ̀ tọ́jú.

Bí pẹpẹ tí àwo ń yí lé lórí kò bá yí, tàbí tó ń wọ́ rìn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá wúwo, òróró àtijọ́ ló ti dì sí ìdí òpó àárín. Wọn yóò gbé pẹpẹ kúrò, wọn yóò fi òwú àti sípírítì nu òpó náà àti ihò rẹ̀ mọ́, wọn yóò sì kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí i. Òróró ìdáná kò dára fún un, nítorí pé yóò tún dì ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Garrard àti BSR tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, táyà rọ́bà kékeré kan ló ń gba agbára lára mọ́tò fún pẹpẹ. Bí táyà náà bá ti ń dán, yóò máa yọ̀. Kí wọ́n fi sípírítì nù ún, kí wọ́n sì fi sáńpépà tó kúnná ha á díẹ̀. Kí òróró má kàn án rárá. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń lo bẹ́líìtì. Bí èyí bá ti fà, àfi kí wọ́n ra tuntun.

Bí pẹpẹ bá ti ń yí, ó kù kí wọ́n wọn eré rẹ̀. Ìgbà 33⅓ ni àwo LP ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ ìgbà 100 géérégé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ etí pẹpẹ, kí wọ́n wo aago, kí wọ́n sì máa kà á.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ti ń ṣìnà. Iná Amẹ́ríkà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Nàìjíríà jẹ́ 50. Tíráńsífọ́mà lè sọ fóltì 240 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Mọ́tò àtijọ́ tó ń tẹ̀lé ìlọ-bọ̀ iná yóò wá falẹ̀: 33⅓ yóò di nǹkan bíi 28, ohùn olórin yóò sì wúwo bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń fa irú wàhálà yìí, torí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kí wọ́n má ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ iná ru ẹ̀rọ.

Abẹ́rẹ́ ló gba àkíyèsí jùlọ. Ilà inú àwo ìgbàanì tó ń yí ní 78 fẹ̀ ju ti LP lọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ kan kò lè sin méjèèjì. Ọ̀pọ̀ rédíògíráàmù ló ní abẹ́rẹ́ olójú méjì tí wọ́n ń yí padà. Kí wọ́n rí i dájú pé ojú tó tọ́ ló kọjú sí àwo. Bí ohùn bá ń há, pàápàá níparí àwo, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ ti gbó. Àwọn kan a máa gbé owó kọ́bọ̀ lé apá ẹ̀rọ kí abẹ́rẹ́ má baà máa fò. Àwo ni wọ́n ń fi ìyẹn pa. Eruku, abẹ́rẹ́ gbígbó tàbí apá tí gíríìsì ti dì mú ló sábà ń fa fífò; àwọn ni kí wọ́n tọ́jú.

Bí sípíkà kan bá dákẹ́, kí wọ́n wo àwọn okùn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn orí abẹ́rẹ́. Funfun àti búlúù sábà máa ń jẹ́ ti òsì, pupa àti àwọ̀ ewé sì jẹ́ ti ọ̀tún. Kí wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún, kí wọ́n gbé ti ọ̀tún sí òsì. Bí ìdákẹ́ náà bá ṣí lọ sí sípíkà kejì, orí abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́. Bí kò bá ṣí, okùn tàbí ampilifáyà ni.

Ní ti àwo, omi tó mọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ tó fún LP. Kí sípírítì má kan àwo 78, nítorí pé yóò yọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwo tí kò níye lórí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò, kí wọ́n tó gbé ti bàbá wọn sí i. Bí ènìyàn bá fi sùúrù pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀.