Ẹ̀kọ́ ìlànà ìwà nínú ìwádìí sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀kọ́ ìlànà ìwà nínú ìwádìí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń ṣèwádìí lé lórí. Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn Kánò kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1996, Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn. Nínú ọmọ 200 tí ìdánwò náà kàn, 11 kú. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n. Ìwé ìlànà ìjọba jáde ní 2007.

Ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Àpápá, níbi tí Yorùbá, Ìgbò àti Ijaw jọ ń gbé, fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda elédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó: akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tó yé olúwarẹ̀, títí kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀.