Wíwọn Ipa Ìlànà Òwò àti Àdéhùn Òwò Láàárín Orílẹ̀-èdè

Wíwọn ipa ìlànà òwò ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń ṣe láti mọ ohun tí owó bodè, òfin tó ka ọjà kan léèwọ̀, tàbí àdéhùn òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dá sílẹ̀: nínú iye ọjà tó ń wọlé tó ń jáde, nínú owó tí ará ìlú fi ń rajà, nínú iṣẹ́ àti nínú àpò ìjọba. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí kì í bá ṣe ti òfin yìí, báwo ni nǹkan ì bá ti rí? Ìdáhùn rẹ̀ ló ṣòro, nítorí pé ayé tí òfin náà kò sí kò ṣeé fojú rí. Ìṣirò la fi ń wá a.

Òwò lè pọ̀ sí i lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ sí àdéhùn, kó sì jẹ́ pé epo rọ̀bì ló gbówó lórí lọ́dún náà, tàbí pé ojo rọ̀ dáadáa, ìkórè sì pọ̀. Ẹni tí kò bá ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ yóò máa yin àdéhùn fún iṣẹ́ tí kò ṣe, tàbí kó máa bú u fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Àdéhùn òwò ojúrere

Orílẹ̀-èdè 23 ló fọwọ́ sí GATT, àdéhùn gbogbogbò lórí owó bodè àti òwò, ní ọdún 1947. Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, gba iṣẹ́ bíbójú tó àdéhùn náà ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1995. Òpó tó gbé òfin wọn dúró ni pé oore tí orílẹ̀-èdè kan bá ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ kan lórí owó bodè, kó ṣe é fún gbogbo wọn. Àdéhùn òwò ojúrere ni àyè tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Abala 24 GATT gbà kí àwọn orílẹ̀-èdè kan mú owó bodè kúrò láàárín ara wọn, bí wọ́n bá ti mú un kúrò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú òwò wọn. Ìpinnu ọdún 1979 tún dẹ okùn náà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà.

Oríṣìí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Nínú àgbègbè òwò ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í gba owó bodè lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n oníkálukú ló mọ iye tó ń gbà lọ́wọ́ ará ìta. Nínú ìṣọ̀kan aṣọ́bodè, iye kan náà ni gbogbo wọn ń gbà lọ́wọ́ ará ìta. Ẹ̀kẹta ni ojúrere tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe, irú AGOA tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ti oríṣìí kejì, ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, bẹ̀rẹ̀ sí í lo owó bodè àjùmọ̀gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ojúrere yìí kì í bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò lásán. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé inú orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ṣe ọjà rẹ̀, kí ọjà àjèjì má baà gba ẹ̀yìn wọlé. Bí wàhálà ìwé náà bá ju owó bodè tí yóò fi pamọ́ lọ, yóò kúkú san owó bodè. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ń wọ̀n kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: nínú ọjà tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ojúrere, mélòó ló gbà á ní tòótọ́?

Ìbéèrè Jacob Viner

Ní ọdún 1950, Jacob Viner, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní Kánádà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣọ̀kan aṣọ́bodè. Ó fi hàn níbẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí owó bodè bá dín kù ni ìlú ń jèrè.

Ká ní àwọn aṣebàtà ìlú kan ń ta bàtà ní náírà 1,000. Orílẹ̀-èdè aládùúgbò lè ṣe irú rẹ̀ ní 800, ti òkèèrè lè ṣe é ní 700. Bí owó bodè bá jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ti aládùúgbò á di 1,200, ti òkèèrè á di 1,050. Ti ilé ni wọn óò máa rà. Bí ìlú náà bá wá bá aládùúgbò ṣe àdéhùn, bàtà á wọlé ní 800. Náírà 200 ni èrè lórí bàtà kọ̀ọ̀kan. Èyí ni Viner pè ní ìṣẹ̀dá òwò.

Ká wá ní owó bodè kò ju ìdá 20 lọ. Ti aládùúgbò á jẹ́ 960, ti òkèèrè á jẹ́ 840. Ti òkèèrè ni wọn óò máa rà, ìjọba á sì máa gba 140 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àdéhùn, ti aládùúgbò á di 800. Oníbàárà jèrè 40, ìjọba pàdánù 140. Ìlú lápapọ̀ ti pàdánù 100 lórí bàtà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé a fi ẹni tó lè ṣe é ní owó pọ́ọ́kú sílẹ̀ lọ bá ẹni tí tirẹ̀ wọ́n jù. Èyí ni ìyípadà ọ̀nà òwò. Àdéhùn kan náà lè bí méjèèjì pọ̀, ìdí sì nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè dá ẹjọ́ rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n.

Ìṣirò ṣáájú àdéhùn

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé, ó máa ń fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n gbé ọjà kan ṣoṣo yẹ̀ wò: iye rẹ̀ tó ń wọlé, owó bodè rẹ̀, àti bí oníbàárà ṣe ń ṣe sí i nígbà tí owó rẹ̀ bá yí padà. Báńkì Àgbáyé ti fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ìrẹsì òkèèrè bá di ọ̀pọ̀, kì í ṣe ọlọ́jà ìrẹsì nìkan ló kàn. Ó kan àgbẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, owó ilẹ̀, àti owó iṣẹ́ ní oko mìíràn tí àgbẹ̀ náà bá ṣí lọ. Àwòṣe ìṣirò tó ń da gbogbo ọjà pọ̀ ni wọ́n fi ń tọ pinpin irú nǹkan báyìí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni GTAP, tí Thomas Hertel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992.

Àwòṣe wọ̀nyí a máa ṣì í. Ní ọdún 2005, Timothy Kehoe padà lọ wo ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa NAFTA, àdéhùn Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1994. Ó rí i pé òwò pọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ lọ fíìfíì. Ọjà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà fún ara wọn tẹ́lẹ̀ ló gbèrú jù, àwọn gan-an sì ni àwòṣe kò kà sí.

Àwòṣe òòfà

Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùúàdá. Nígbà tí àdéhùn bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n ni àwòṣe òòfà. Jan Tinbergen, ará Netherlands, ló gbé e jáde ní ọdún 1962. Ó yá a lọ́wọ́ òfin òòfà Newton: bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè méjì bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń fa ara wọn mọ́ra tó, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà síra tó ni òwò wọn ṣe ń kéré tó. Bí a bá ti mọ iye òwò tó yẹ kó wà láàárín àwọn méjì, a lè wò ó bóyá àwọn tó ṣe àdéhùn ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi tún àwòṣe náà ṣe. Ní ọdún 1995, John McCallum kéde pé òwò láàárín àwọn ẹkùn ìpínlẹ̀ Kánádà fi ìlọ́po 22 ju ti wọn pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2003, James Anderson àti Eric van Wincoop ṣàlàyé pé bí orílẹ̀-èdè méjì ṣe jìnnà síra wọn nìkan kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe jìnnà sí gbogbo ayé yòókù pẹ̀lú. Ọsirélíà àti New Zealand jìnnà síra, síbẹ̀ wọ́n ń ṣòwò púpọ̀ nítorí pé wọ́n jìnnà sí ẹlòmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ó hàn pé ohun tí ẹnubodè ń gé kúrò nínú òwò láàárín orílẹ̀-èdè oníléeṣẹ́ ńlá wà láàárín ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2006, João Santos Silva àti Silvana Tenreyro fi hàn pé kò tọ́ láti yọ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò bá ara wọn ṣòwò rárá kúrò nínú ìṣirò. Òfo náà ní ohun tó ń sọ.

Ìṣòro kan tún kù. Àwọn tó ti ń ṣòwò dáadáa tẹ́lẹ̀ ló máa ń yá lára láti ṣe àdéhùn. Ta wá ni ká yìn, àdéhùn ni àbí ọ̀rẹ́ àtijọ́? Scott Baier àti Jeffrey Bergstrand yanjú èyí ní ọdún 2007 nípa fífi àwọn méjì kan náà wé ara wọn ṣáájú àti lẹ́yìn àdéhùn. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ń sọ òwò láàárín àwọn méjèèjì di nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ta ló jèrè, ta ló pàdánù?

Iye òwò nìkan kò tó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Daniel Trefler gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà tó yẹ àdéhùn Kánádà àti Amẹ́ríkà ti ọdún 1989 wò. Ní àwọn ẹ̀ka tí Kánádà ti dín owó bodè kù jù, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ló lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pèsè fi ìdá 15 pọ̀ sí i. Petia Topalova rí i pé lẹ́yìn tí Íńdíà ṣí ẹnubodè rẹ̀ ní ọdún 1991, òṣì kò tètè dín kù ní àwọn ìgbèríko tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù bíi ti ibòmíràn.

Gbígbé owó bodè sókè náà ní ẹni tó ń san án. Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà gbé owó bodè lé ẹ̀rọ ìfọṣọ. Owó ẹ̀rọ náà lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 12. Owó ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ náà lọ sókè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí owó bodè lórí rẹ̀. Wọ́n sábà ń ra méjèèjì pọ̀ ni. Nǹkan bí iṣẹ́ 1,800 ni ó mú wá, iye tí ará ìlú sì san lọ́dún lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé ní 800,000 dọ́là.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti òwò tí ìwé kò rí

Gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí gbára lé àkọsílẹ̀ aṣọ́bodè. Ní àárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, àkọsílẹ̀ náà kò gbé ìdajì ọ̀rọ̀. Ìran Yorùbá àti Ògù tó wà ní apá méjèèjì ti ń ná ọjà ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà sáàárín wọn. Àwọn alájàpá ń gba Sẹ̀mẹ̀, Ìdí Ìrókò àti ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá lójoojúmọ́. Fàyàwọ́ sì ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú: ìrẹsì àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kútọnu wá sí Nàìjíríà, epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà lọ sí Bẹ̀nẹ̀.

Bí a ṣe ń wá òwò tó fara pa mọ́ ni pé ká fi ìwé ẹni tó tà wé ìwé ẹni tó rà. Raymond Fisman àti Shang-Jin Wei ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hong Kong àti Ṣáínà ní ọdún 2004. Wọ́n rí i pé bí owó orí ọjà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi pamọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 3 pọ̀ sí i. Ìrẹsì Bẹ̀nẹ̀ náà ń jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o ni ará Nàìjíríà fẹ́ràn. Funfun ni ará Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ jù. Nígbà tí ọkọ̀ òkun bá ń já ìrẹsì bíbọ̀ sílẹ̀ ní Kútọnu ju ohun tí ìlú náà lè jẹ lọ, ibi tó ń lọ kò fara sin. Ọ̀nà kejì ni kí àwọn tó ń kà á lọ dúró sí ojú ọ̀nà gan-an. Iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe é ní ọdún 2011. Ùgáńdà ti ń ṣe é láti ọdún 2005.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tún ṣí mẹ́rin nínú wọn, Sẹ̀mẹ̀ wà lára wọn. Iye tí Àjọ Ìṣirò Nàìjíríà fi hàn pé owó ọjà fi ń gòkè lọ́dún kúrò ní ìdá 11.02 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ó di 11.98 ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ní àsìkò ìkórè tó yẹ kí oúnjẹ rọjú. Àmì ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́. Ìdájọ́ ń fẹ́ ká fi ọjà Bàdágírì àti Ìmẹ̀kọ wé àwọn ọjà tó jìnnà sí ẹnubodè, ká sì ṣe é títí di oṣù Kejì ọdún 2020, kí àrùn Kòrónà tó da gbogbo ìwọ̀n rú.

Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, AfCFTA, ní Kigali. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní Niamey ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó ti ẹnubodè pa. Òwò lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021, Àkrá sì ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Báńkì Àgbáyé ṣírò ní ọdún 2020 pé ó lè fi 450 bílíọ̀nù dọ́là kún owó tó ń wọlé fún Áfíríkà títí di ọdún 2035, kó sì yọ 30 mílíọ̀nù ènìyàn nínú òṣì paraku. Nínú owó náà, 292 bílíọ̀nù ni yóò ti ara mímú iṣẹ́ ẹnubodè rọrùn wá: ìwé díẹ̀, ìdúró díẹ̀, ìdíwọ́ díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú èrè tí wọ́n ṣèlérí kò sí nínú owó bodè rárá. Ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti irú rẹ̀ ló wà.

Ìṣirò ṣáájú àdéhùn, ìlérí ni. Ìṣirò lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rí, ẹ̀rí náà kò sì lè ju ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ. Kí ìjọba Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ jọ rán àwọn akọ̀wé lọ sí ẹnubodè àti ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ẹrù alájàpá bí wọ́n ṣe ń ka ẹrù ọkọ̀ òkun. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a óò máa fọwọ́ sí àdéhùn, a óò sì máa ti ẹnubodè pa, láìmọ ẹni tó ń jẹun tàbí ẹni tí ebi ń pa nítorí rẹ̀.