Ẹni tí ó kọ ọkọ àti ìgbéyàwó tí ó tú: ohun tí àkọsílẹ̀ ìjọba lè sọ fún wa láti Ògùdù

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn akẹgbẹ́ wa kan ti ń kọ ọ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ níbi àpérò, pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àárín Yorùbá ni, pé Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àti pé fóònù àti owó ọwọ́ obìnrin ni ó fà á. Ìròyìn kọ́ọ̀tù ni ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá: Igando lónìí, Mápó n'Ìbàdàn lọ́la. Èyí tí mo kà gbẹ̀yìn nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ fi Ògùdù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ní Èkó, ṣe àpẹẹrẹ àdúgbò tí ìgbéyàwó ti ń tú ká lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn ni ẹni tí ó kọ ọ́ fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó rò pé òun ń kà yàtọ̀ sí ohun tí ó kà.

Ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́, àti bí ìgbéyàwó alárédè, ti ìbílẹ̀ àti ti mùsùlùmí ṣe yàtọ̀ síra, kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. N kò ní dúró lé wọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ibi tí ìkọ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń wọnú ìwé. Kọ́ọ̀tù májísíréètì wà ní Ògùdù, ṣùgbọ́n májísíréètì kò lágbára láti tú ìgbéyàwó ká. Tọkọtaya tí ó ń gbé ní Ògùdù GRA tí wọ́n sì ṣe alárédè, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú wọn ká lábẹ́ òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970. Òfin yẹn kan náà fún ẹni tí ó fi Nàìjíríà ṣe ilé láyè láti pe ẹjọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí tí ó bá wù ú. Wọ́n lè lọ sí Ìkẹjà, wọ́n sì lè lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó fẹ́ra nílànà ìbílẹ̀ ní Orí-Òkè tàbí Aláperé ń lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Mùsùlùmí ń lọ bá àlùfáà. Ọ̀pọ̀ ni kò sì lọ síbì kankan. Ìyàwó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ẹbí gbọ́, ó parí. Igando wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn ibẹ̀ kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa Ògùdù.

Ní òdìkejì ni àwọn tí ó gba iye tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, gbé jáde mú, èyí tí àwọn oníròyìn tàn kálẹ̀ ní 2016: pé ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin péré ni ó ti jáwèé fún ara wọn lábẹ́ òfin. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà ò tú? Ẹgbẹ́ méjèèjì ń bára wọn jà, àṣìṣe kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Wọn kò ya ipò tí ènìyàn wà sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. N ó fẹ́ dúró lórí ìyàtọ̀ yìí, nítorí bí a bá gbà á, gbogbo àríyànjiyàn náà yóò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó kọ ọkọ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 24. Ó di ilémọsú, ó lo ọdún méjì nílé bàbá rẹ̀ ní Kétu, lẹ́yìn náà ó fẹ́ oníṣòwò èso kan ní Ìkòsì. Akànìyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó di ẹni ọdún 30, ó béèrè ipò rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun wà nílé ọkọ. Òótọ́ ni ó sọ. Ìkọ̀sílẹ̀ kan ṣẹlẹ̀, ìwé ìkànìyàn kò sì ní í mọ̀ ọ́n láéláé. Láwùjọ tí obìnrin kì í ti í pẹ́ kí ó tó tún ọkọ fẹ́, tí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó sì lè fẹ́ ẹ kún un, iye àwọn tí a ó bá ní ipò “ó ti kọ ọkọ” yóò máa kéré, bí ìgbéyàwó tilẹ̀ ń tú lọ́tùn-ún lósì. Ti ọkùnrin tún farasin ju ti obìnrin lọ: ẹni tí ó ní ìyàwó méjì tí ọ̀kan kó jáde ṣì jẹ́ ẹni tí ó ní ìyàwó. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó mú kí 0.2 kéré sí 0.3.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní àwọn obìnrin tí ó kọ ọkọ kò yára tún ọkọ fẹ́ mọ́, tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn, tí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Iye àwọn tí ó wà ní ipò yìí yóò lọ sókè láìjẹ́ pé ẹyọ ìgbéyàwó kan ṣoṣo tú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, iye kékeré kò jẹ́rìí pé ilé dúró, iye tí ó ń ga sí i kò sì jẹ́rìí pé ilé ń wó. Títí ẹni tí ó bá mú irú iye yìí wá yóò fi fi bí àwọn obìnrin ṣe ń tún ọkọ fẹ́ hàn wá, ìwọ̀n tí ó gbé wá kò lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ kọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ inú kọ́ọ̀tù ni, ìgbéyàwó sì ti lè tú tipẹ́. Nígbà tí òfin ìkọ̀sílẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1971, iye ìkọ̀sílẹ̀ ní England àti Wales fò láti bíi 74,000 lọ́dún náà sí bíi 119,000 ní 1972. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìfẹ́ ni ó tán lọ́dún kan. Àwọn tí ó ti fi ara wọn sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀nà là fún. Bí kọ́ọ̀tù bá súnmọ́ni, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ìwé yóò kún. Ìwé náà lè ṣòfò pẹ̀lú: ní oṣù Kẹwàá 2020, iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní Igbosere.

Iye ènìyàn tí a ó fi pín iye ìkọ̀sílẹ̀ tún kù. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 9,013,534 ní Ìpínlẹ̀ Èkó; ìjọba ìpínlẹ̀ ní òun ka ju mílíọ̀nù 17.5 lọ. Iye ẹjọ́ kan náà, bí a bá fi ti ìjọba àpapọ̀ pín in, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ti Èkó yóò fún wa. Wọ́n sún ìkànìyàn tí wọ́n pète fún 2023 síwájú.

Ní ti pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìtàn ti dáhùn. Judith Byfield ti ṣe ìwádìí lórí obìnrin, ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàárín 1892 sí 1904, ní sáà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀. P. C. Lloyd kọ àpilẹ̀kọ lórí ìkọ̀sílẹ̀ láàárín Yorùbá nínú American Anthropologist ní 1968. Dídá owó orí padà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹjọ́ láyé fóònù. Lóde òní, Shelley Clark àti Sarah Brauner-Otto lo ìwádìí ìlera agboolé, DHS, láti orílẹ̀-èdè 33 ní Áfíríkà. Ní 2015 wọ́n ròyìn pé ní gbogbogbòò, ìkọ̀sílẹ̀ dúró sójú kan tàbí kí ó ti dínkù. Ìbéèrè kan tí kò hàn sójú nínú DHS ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni obìnrin ti lọ sílé ọkọ rí, àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ti Nàìjíríà ní 2018 bá obìnrin 41,821 sọ̀rọ̀. Ó lè sọ nǹkan nípa Ìpínlẹ̀ Èkó, kò lè sọ nǹkan kan nípa Ògùdù.

N kò lè sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ kò pọ̀ sí i ní Kosofe. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò tíì sí àkọsílẹ̀ ìjọba kan tí ó fi hàn pé ó pọ̀ sí i, ohun tí a sì mọ̀ bá èrò pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síta mu dáadáa.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ mi báyìí kọjá àríyànjiyàn yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, ní Àfikún Kẹrin, fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan ìkọ̀sílẹ̀. Kosofe lè sọ iye àwọn tí ó so pọ̀, kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ fún un láti mọ àwọn tí ó tú. Ọ̀nà mìíràn wà: Amẹ́ríkà dáwọ́ kíkó kúlẹ̀kúlẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ jọ láti kọ́ọ̀tù dúró ní 1996. Láti 2008 ni wọ́n ti ń bi ará ìlú léèrè lọ́dọọdún bóyá wọ́n kọ ara wọn láàárín oṣù méjìlá tí ó kọjá. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé lọ bá àwọn ìyá tí ń tajà ní ọjà Mile 12 àti ní ọjà èso Ìkòsì, kí n tó fi Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ mélòó ni ẹ ti fẹ́ rí, Ìyá? Ọdún wo ni ẹ kó jáde nílé ti àkọ́kọ́? Ta ni ó dá owó orí padà, kọ́ọ̀tù wo sì ni, bí kọ́ọ̀tù bá tilẹ̀ wà ńbẹ̀?